i3 lórí laptop tòkunbọ̀: bí ẹ ṣe lè jẹ́ kí Linux máa to wíńdò fúnra rẹ̀

Ẹnikẹ́ni tó bá ti tẹ project rí ní Under G, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, mọ wàhálà yìí. LibreOffice wà ní ṣíṣí, PDF tí wọ́n ń kà wà ní ṣíṣí, Firefox ń bẹ níbẹ̀, WhatsApp Web tún fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Gbogbo wọn gun ara wọn lórí. Kí èèyàn tó kọ gbólóhùn kan, á ti fa wíńdò kan sọ́tùn-ún, á fa ìkan sósì, èyí tó ń wá gan-an á sì tún sá lọ sẹ́yìn.

Tiling window manager, ìyẹn ètò tó ń to wíńdò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fúnra rẹ̀, ló ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan lára wọn ni i3 tí mo fẹ́ sọ (kì í ṣe Core i3 ti Intel o). Bí ẹ bá ṣí wíńdò kan, yóò gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá ṣí ìkejì, àwọn méjèèjì á pín ojú náà dọ́gba. Bí ìkẹta bá dé, wọ́n á tún un pín. Kò sí èyí tó máa gun èkejì, kíbọ́ọ̀dù lẹ ó sì máa fi darí gbogbo wọn. Kì í kúkú ṣe àrà tuntun. Windows àkọ́kọ́ tí Microsoft gbé jáde ní 1985, ẹ̀gbẹ́ ara wọn làwọn wíńdò rẹ̀ máa ń wà. Ìgbà tí Windows 2.0 dé ní 1987 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gun ara wọn.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ràn kóòdù lè lo dwm, àmọ́ inú kóòdù C ni yóò ti máa yí nǹkan padà, tí yóò sì máa tún un kọ́ látìbẹ̀rẹ̀. xmonad wà fáwọn tó gbọ́ Haskell, Qtile wà fáwọn tó gbọ́ Python. Hyprland lẹ̀ ń rí lórí YouTube, èyí tí wíńdò rẹ̀ ń jó wọlé jó jáde. Ó rẹwà o, ṣùgbọ́n kì í ṣe laptop tòkunbọ̀ onímẹ́mórì 4GB ni kí ẹ ti lọ kọ́kọ́ dán an wò. i3 ni èmi máa ń ní kí èèyàn fi bẹ̀rẹ̀. Michael Stapelberg, ará Jámánì, ló ṣe é, ó sì ti wà nílẹ̀ láti 2009. Fáìlì kan ṣoṣo ni gbogbo ètò rẹ̀ wà, ẹni tí kì í ṣe programmer náà sì lè kà á kó yé e.

Ohun kan tí ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n fi tàn yín ni bátìrì. Wọ́n á ní tẹ́ ẹ bá ti gbé i3 sí i, bátìrì yín á máa pẹ́ bíi ti ìgbà tó wà ní tuntun. Irọ́ ni. Mẹ́mórì tí kọ̀ǹpútà ń lò ló ń dín kù, laptop á sì yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Iná ojú kọ̀ǹpútà wà lára ohun tó ń jẹ bátìrì jù, èyí tẹ́ ẹ lè rọ̀ sílẹ̀ lórí desktop èyíkéyìí (ìyẹn ojú iṣẹ́ Linux, bíi Cinnamon tàbí GNOME).

Ẹ má tíì yọ nǹkan kan

Desktop tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni i3 yóò jókòó sí, èyí tó bá wù yín lẹ ó máa yàn nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọlé. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran: bí ọjọ́ tí supervisor fẹ́ gba chapter two bá pé, tí i3 kò tíì mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ padà sórí Cinnamon tàbí GNOME, kí ẹ parí iṣẹ́ yín.

Mo gbà pé Linux Mint, Ubuntu tàbí Debian lẹ̀ ń lò. Ẹ ṣí terminal (wíńdò tí a ti ń tẹ àṣẹ), kí ẹ tẹ ìlà méjì yìí:

`sudo apt update`

`sudo apt install i3 xss-lock network-manager-gnome brightnessctl udiskie feh`

Kì í jẹ dátà púpọ̀. Àwọn tí mo tò tẹ̀lé i3 yẹn, ẹ má fò wọ́n. Iṣẹ́ tí desktop yín ti ń bá yín ṣe láìsọ̀rọ̀ ni wọ́n fẹ́ wá gbà ṣe, mo sì ń bọ̀ lórí wọn.

Ó yá, ẹ jáde pátápátá títí ẹ ó fi dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè password. Lórí Mint, àmì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yín. Lórí Ubuntu, ẹ kọ́kọ́ tẹ orúkọ yín ná, àmì tó dà bíi gíà á yọ sísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ yan i3. Ẹ ó rí òmíràn tí wọ́n kọ "with debug log" sí lára. Ẹ má dá a lóhùn.

Bẹ́ ẹ bá ti wọlé báyìí, ojú dúdú ló máa kí yín. Kò sí menu, kò sí àwòrán kankan, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló kàn wà nísàlẹ̀. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń di bọ́tìnì power mú. Ẹ ṣe sùúrù. Àpótí kékeré kan á jáde, á béèrè bóyá kí òun ṣe fáìlì ètò fún yín: ẹ tẹ Enter. Á tún béèrè bọ́tìnì tí ẹ fẹ́ fi máa pàṣẹ, Win tàbí Alt. Ẹ yan Win, ìyẹn èyí tí wọ́n ya àmì Windows sí láàárín Ctrl àti Alt, torí pé àwọn ohun èlò mìíràn máa ń lo Alt fún tiwọn. Mod ni n ó máa pe bọ́tìnì yìí láti ibí lọ.

Àwọn bọ́tìnì tí ẹ ó kọ́kọ́ mọ̀

Ẹ ó rí àwọn tó ń pín ìwé tí wọ́n to ọgọ́rin àṣẹ sí. Ẹ gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìwọ̀nba yìí tó fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Mod+Enter ń ṣí terminal. Mod+d ń ṣí ìlà kan lókè pátápátá. Ẹ tẹ ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣí síbẹ̀, bíi "fire", Firefox á yọ, ẹ tẹ Enter. Mod+Shift+q ń ti wíńdò tí ẹ wà lórí rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù pé yóò gbé iṣẹ́ yín lọ. LibreOffice á ṣì béèrè bóyá kó tọ́jú ohun tí ẹ kọ. Mod pẹ̀lú ọfà ń gbé yín láti wíńdò kan sí èkejì, bẹ́ ẹ bá wá fi Shift kún un, wíńdò náà fúnra rẹ̀ ni yóò ṣí nídìí. Mod+f ń jẹ́ kí wíńdò kan gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, ẹ tún un tẹ̀ kó padà sáàyè rẹ̀. Mod+Shift+e ni ti ká jáde: ìlà kan á yọ lókè, á bi yín bóyá ó dá yín lójú, máòsì lẹ ó sì fi dá a lóhùn.

Ó wá ku yàrá, èyí tí i3 ń pè ní workspace. i3 fún yín ní mẹ́wàá, láti Mod+1 títí dé Mod+0. Ẹ fojú ilé face-me-I-face-you wò ó: yàrá kan fún project, yàrá kan fún Firefox, yàrá kan fún orin, kò sí èyí tó ń yọ èkejì lẹ́nu, ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ ó sì fi bọ́ láti ọ̀kan sí òmíràn. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé wíńdò kan lọ sí yàrá kejì, Mod+Shift+2. Yàrá tí nǹkan kan ò sí nínú rẹ̀ kì í tilẹ̀ hàn nísàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ gidi gbé e wò. Ẹ wà ní yàrá kìíní. Ẹ tẹ Mod+d, ẹ ṣí LibreOffice Writer, ó gba gbogbo ojú. Ẹ tún tẹ Mod+d, ẹ ṣí PDF àkọ́kọ́ tí ẹ fẹ́ fà yọ nínú chapter two. Writer á sún sósì, PDF á gba ọ̀tún. Nígbà tí ẹ wà lórí PDF yẹn, ẹ tẹ Mod+v. Ó lè jọ pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, àmọ́ ẹ ti sọ fún i3 pé wíńdò tó bá tún dé, abẹ́ èyí ni kó wà. Ẹ wá ṣí PDF kejì àti ìkẹta: ọ̀tún ni gbogbo wọn á tò sí, lórí ara wọn sókè sódò. Lójú kọ̀ǹpútà 1366×768, irú èyí tó wọ́pọ̀ lára laptop tòkunbọ̀, lẹ́tà inú wọn á ti kéré jù báyìí. Ibẹ̀ ni Mod+w ti wúlò. Ẹ tẹ̀ ẹ́: àwọn PDF mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á di tábù bíi ti Firefox, ọ̀kan ṣoṣo lẹ ó máa rí lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú orúkọ àwọn yòókù lókè rẹ̀. Writer ò yẹsẹ̀ kúrò lósì. Mod pẹ̀lú ọfà ọ̀tún àti ti òsì lẹ ó fi máa ṣí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n padà sí bí wọ́n ṣe wà, Mod+e.

Tó bá jẹ́ pé Writer ló yẹ kó fẹ̀ jù, ẹ lọ sórí rẹ̀, ẹ tẹ Mod+r, kí ẹ wá máa tẹ ọfà ọ̀tún títí tó fi tó yín. Ọfà òsì ló ń dín in kù. Ẹ má gbàgbé láti tẹ Esc o. Bẹ́ ẹ ò bá tẹ̀ ẹ́, ọfà ò ní ṣiṣẹ́ mìíràn, ẹ ó sì máa rò pé kíbọ́ọ̀dù ti bàjẹ́.

Mod+w yìí ló mú kí n máa bá i3 lọ. Àwọn tó ń fi fọ́tò desktop wọn ṣe fáàrí kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀, torí pé kò dùn ún wò nínú fọ́tò.

Ohun tí desktop ti ń ṣe fún yín láìsọ̀rọ̀

Ìdí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń sá padà kì í ṣe bọ́tìnì. Wọ́n á dédé rí i pé wọ́n ki flash bọ kọ̀ǹpútà, kò yọjú. Wọ́n á fẹ́ dín iná ojú kọ̀ǹpútà kù, kò gbọ́. i3 kì í ṣe desktop. Títo wíńdò nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó sì fún un ní ìyókù. Inú fáìlì yìí ni gbogbo rẹ̀ wà:

`nano ~/.config/i3/config`

Wi-Fi àti títì ojú kọ̀ǹpútà ti wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀, wọ́n kàn ń retí ohun tí a fi apt gbé wọlé lẹ́ẹ̀kan ni. Bẹ́ ẹ bá jáde tẹ́ ẹ tún wọlé, àmì Wi-Fi á wà lápá ọ̀tún nísàlẹ̀. Bẹ́ ẹ bá pa ìdérí laptop dé tẹ́ ẹ tún ṣí i, ojú òfìfo lẹ ó bá pàdé, láìsí ọ̀rọ̀ kankan lórí rẹ̀. Kò bàjẹ́. i3lock ló ti í; ẹ tẹ password yín bẹ́ẹ̀ láìrí nǹkan kan, kí ẹ tẹ Enter. Bọ́tìnì ohùn náà ti wà ní sísọ, tí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ gbé pulseaudio-utils wọlé.

Ti iná ojú kọ̀ǹpútà, ẹ kọ èyí sísàlẹ̀ fáìlì náà:

`bindsym XF86MonBrightnessUp exec --no-startup-id brightnessctl set +10%`

`bindsym XF86MonBrightnessDown exec --no-startup-id brightnessctl set 10%-`

Bí brightnessctl bá ní ẹ ò láṣẹ, ẹ tẹ `sudo usermod -aG video $USER` sí terminal, kí ẹ jáde, kí ẹ tún wọlé.

Ti flash, pàápàá fáwọn tó ní ibi ìtẹ̀wé tí oníbàárà ń gbé flash wá bá láàárọ̀ lálẹ́, ìlà kan ni:

`exec --no-startup-id udiskie --tray`

Àmì rẹ̀ á máa wà nísàlẹ̀; bí flash bá wọlé, ibẹ̀ náà lẹ ó ti yọ ọ́ kó má ba fáìlì oníbàárà jẹ́. Fọ́tò ẹ̀yìn ojú kọ̀ǹpútà, fún ẹni tí dúdú yẹn bá sú:

`exec_always --no-startup-id feh --bg-fill ~/Pictures/foto.jpg`

Bẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ tẹ `i3 -C` sí terminal, á sọ fún yín bí àṣìṣe bá wà níbì kan. Mod+Shift+c á mú kó ka fáìlì náà tuntun. Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í mú kí ìlà exec tàbí exec_always ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ jáde kí ẹ tún wọlé fún udiskie àti fọ́tò yẹn. Tí ìlà pupa bá yọ lókè, àṣìṣe wà nínú ohun tí ẹ kọ nìyẹn. I3 kò ní kú torí ẹ̀.

Ìlà ìsàlẹ̀ yẹn náà ṣe é tún ṣe. Ẹ da fáìlì rẹ̀ kọ báyìí:

`mkdir -p ~/.config/i3status`

`cp /etc/i3status.conf ~/.config/i3status/config`

Nínú rẹ̀, ẹ pa ìlà tó ní ipv6 rẹ́, kò sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe. Ẹ fi battery sílẹ̀. CHR ni yóò máa kọ nígbà tí bátìrì bá ń gba iná, iná bá lọ báyìí, á di BAT, pẹ̀lú ìdá tó kù àti wákàtí tí bátìrì ṣì lè gbé. Nílùú wa níbí, ibẹ̀ lojú yín ó kọ́kọ́ máa lọ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó gùn.

Ẹ má lọ da config ẹlòmíràn kọ látorí íntánẹ́ẹ̀tì o. Ó lè rẹwà lójú, ṣùgbọ́n àṣẹ igba ló wà nínú rẹ̀ tí ẹ ò mọ ìdí wọn, bí ọ̀kan bá dáṣẹ́ sílẹ̀, ẹ ò ní mọ ibi tẹ́ ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìlà kan lójúmọ́, èyí tí ẹ nílò gan-an, ìyẹn ló ń di tiyín.

Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá

Fún ẹni tó bá ń kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá ti wà nínú Linux tẹ́lẹ̀. Ẹ fi èyí sínú config:

`exec --no-startup-id setxkbmap -layout us,ng -variant ,yoruba -option grp:alt_shift_toggle`

Alt àti Shift lẹ ó fi máa bọ́ láti ọ̀kan sí èkejì. Ẹ rí i pé us ló kọ́kọ́ wá. Kíbọ́ọ̀dù tó bá ṣíwájú ni i3 fi ń mọ àṣẹ yín, á sì máa gbọ́ àwọn àṣẹ náà bákan náà nígbà tí ẹ bá wà lórí ti Yorùbá. Bẹ́ ẹ bá fi ng ṣíwájú, àwọn àṣẹ kan lè má ṣiṣẹ́ mọ́.

Ẹni tí kò yẹ kó yọ ara rẹ̀ lẹ́nu

Ẹni tó ń fi Inkscape tàbí GIMP ṣe flyer òkú àti ìgbéyàwó ní Takie láti àárọ̀ di alẹ́, máòsì ni iṣẹ́ rẹ̀, i3 kò ní fi nǹkan púpọ̀ kún un fún un. Ẹni tí ẹlòmíràn náà ń lo kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó fi desktop àtijọ́ sílẹ̀ fún wọn nínú account tiwọn. Fún ohun èlò tí ẹ ò bá fẹ́ kó tò, bíi calculator, ẹ tẹ Mod+Shift+space lórí rẹ̀, á léfòó sókè àwọn yòókù. Ẹ di Mod mú, kí ẹ fi máòsì gbé e síbi tó bá wù yín.

Bẹ́ ẹ bá gbọ́ pé Sway, tiling window manager mìíràn tó jọ i3, ló kù báyìí, òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ètò méjì ló ń gbé wíńdò sójú kọ̀ǹpútà lórí Linux: orí X11, èyí àtijọ́, ni i3 ń ṣiṣẹ́, orí Wayland, èyí tuntun, ni Sway. Config i3 lẹ lè gbé lọ bá a, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ohun tẹ́ ẹ máa yí padà jù àwọn ohun tó jẹ mọ́ X11 bíi setxkbmap àti feh. Ẹni tí káàdì àwòrán NVIDIA wà nínú laptop rẹ̀, kó ṣì dúró sórí i3.

Projector

Ọjọ́ defence ni èyí máa ń dá wàhálà sílẹ̀, nítorí náà ẹ dán an wò nílé ọ̀rẹ́ tó ní tẹlifíṣọ̀n oníhò HDMI kí ọjọ́ tó pé. Ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́, ẹ tẹ `xrandr` sí terminal, á ka orúkọ ojú méjèèjì fún yín. Ká ní eDP-1 ni laptop, tí HDMI-1 sì jẹ́ projector. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ohun kan náà hàn lórí méjèèjì:

`xrandr --output HDMI-1 --auto --same-as eDP-1`

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí slide wà lójú projector, kí ìwé tí ẹ ń kà wà lójú laptop, ẹ fi `--right-of` rọ́pò `--same-as`. Yàrá tuntun á ṣí lójú projector. Láti gbé yàrá tí slide wà lọ síbẹ̀, ẹ ti gbọ́dọ̀ kọ èyí sínú config ṣáájú:

`bindsym $mod+Shift+o move workspace to output right`

Ẹ lọ sí yàrá slide, ẹ tẹ Mod+Shift+o, ó ti dọ́hùn-ún. Bẹ́ ẹ bá parí, ẹ tẹ `xrandr --output HDMI-1 --off` kí ẹ tó yọ wáyà, gbogbo yàrá tó wà lójú projector á padà sójú laptop yín.